Ọdún Mẹ́tàlélógún Tí Mo Fi Ń Sá Èso Ní Bìní, àti Ẹnì Kan Tí Kò Jẹ Ẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ní Bìní ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ lè mọ èyí tí wọn yóò mú. Wọ́n ti gba ti dókítà, wọ́n ti gba ti lọ́yà, wọ́n ti gba ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ṣiṣẹ́ ní báǹkì títí irun orí rẹ̀ fi tán. Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi dáni lóhùn, gbé bírò rẹ̀ dání, ó ní, "Daddy, wetin be your own work?"

Mo ní èso ni mo ń gé, tí mo ń sá sí oòrùn títí yóò fi gbẹ.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wò ó. Ó ní, "And after that?"

Mo ní lẹ́yìn ìyẹn, mo tún sá òmíràn.

Òtítọ́ ni mo sọ fún un. Láti ọdún 1991 títí di 2014, ọ̀pẹ òyìnbó, máńgòrò, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo fi ṣe oúnjẹ òòjọ́ mi. Mo tà fún pásítọ̀, mo tà fún ààfáà, mo tà fún awakọ̀ tírélà, mo sì tà fún ìyá arúgbó tí kò ní ju eyín mẹ́rin lọ, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń fi tirẹ̀ sẹ́nu bí ẹni fi oyin sẹ́nu. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò rí tà fún, tí kò sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìtàn iṣẹ́ mi kò ju ìtàn bí mo ṣe wá ọ̀nà fún ọdún mẹ́tàlélógún kí Ìyá Bọ́lá lè jẹ ẹyọ kan péré.

Kì í ṣe ìdí èso ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí yunifásítì nígbà tí wọ́n ṣì ń se adìẹ fún wa lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn kan sì ń bá wa fọ aṣọ. Ìmọ̀ nípa ewéko ni mo kà. Títí di òní, bí mo bá dijú, mo ń rí ọ̀nà tó lọ sí yàrá ìkàwé wa, àti àwọn igi ńlá tó wà létí ọ̀nà náà, àti àwa ọ̀dọ́ tí a rò pé ayé ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Nígbà tí mo jáde, ayé kò sí lẹ́nu géètì. Ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Bìní ni mo bá pàdé. Mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn fún ọdún púpọ̀, títí wọ́n fi kó tábìlì wọn lọ ní 1991 tí wọ́n sì ní kí èmi náà máa lọ. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Owó oṣù ibẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń sọ níwájú ọmọdé.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mú kúrò ní ilé iṣẹ́ náà ni inú tó há. Ẹni tó bá jókòó látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ẹ̀bà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tó sì ń fi ẹ̀bà parí rẹ̀, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Mo máa ń pẹ́ ní ilé ìyàgbẹ́ débi pé àwọn ọmọ mi á wá kan ilẹ̀kùn béèrè bóyá mo ṣì wà láyé. Mo máa ń ka ìwé ìròyìn tán níbẹ̀, títí kan ìpolówó òkú. Ará ilé wa kan ló darí mi sí ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìn Sapele Road, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Ọ̀wọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, ata àti ilá ló mọ̀ ọ́n sá. Nígbà tó dé Bìní tó rí bí ọ̀pẹ òyìnbó ṣe ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní àsìkò rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n ata sá èso.

Ó bu máńgòrò àti ìbẹ́pẹ gbígbẹ fún mi. Ó ní, "Jẹ márùn-ún láàárọ̀. Mu ife omi méjì lé e. Má bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kẹrin."

Ọjọ́ kẹta ni mo padà lọ. Mi ò lè dúró de ọjọ́ kẹrin, ayọ̀ ọkàn mi pọ̀ jù. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ó ti dáa, àbí? Ó hàn lára bí o ṣe ń rìn." Mo ní Màmá, ẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Ó wo bàtà awọ mi, ó wo ìlà ayọ́ọ̀nù tó wà lára ṣòkòtò mi.

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Yunifásítì ni, Màmá."

"Èyí ò burú. Ṣé o lè gbọ́ràn sí obìnrin lẹ́nu?"

Mo ní mo ti gbéyàwó láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé yẹn kò tíì dé tí mo fi sọ fún Ìyá Bọ́lá. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé ìwé girama kan ní apá Airport Road, ó ń ṣe máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú dìgírì yín."

"Dìgírì kò ní kí n má gé máńgòrò."

Ó wá gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá Bọ́lá, gbogbo àdúgbò ni bàbá mi fọ́nnu fún pé yunifásítì ni ọkọ ọmọ òun lọ. Wọ́n á béèrè yín lọ́wọ́ mi, n ó ní ó wà nídìí páànù, ó ń lé ewúrẹ́ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ máa sá èso yín, n kò ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, èmi kò ní fi ẹnu mi kan ọ̀kankan nínú rẹ̀."

Ó gbé bírò rẹ̀, ó sì fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo. Ìyàwó mi kì í sọ ju ohun tó ní lọ́kàn lọ, kì í sì í sọ dín. Ó yẹ kí n ti rántí ìyẹn.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni mo fi fọ èso. Fífọ̀ nìkan. Màmá Ọ̀wọ̀ á dúró tì mí, á gbé ọ̀pẹ òyìnbó tí mo ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sókè, á fi àtàńpàkò nù ún, á sì dá a padà sínú omi. Yunifásítì ló sọ mí lórúkọ. "Yunifásítì, gbé atẹ wá." "Yunifásítì, ewúrẹ́ ń bọ̀." A kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà wá síbi iṣẹ́. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sórí èso láìfi aṣọ bo ẹnu. Bí ọwọ́ bá kan irun, kí á padà lọ fọ ọ́. Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kan láti fi hàn pé èmi náà mọ nǹkan, mo pe máńgòrò ní orúkọ rẹ̀ tó gùn, èyí tí wọ́n kọ́ wa ní yàrá ìkàwé. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

"Ṣé bí o bá pè é bẹ́ẹ̀, ó ń tètè gbẹ?"

"Rárá, Màmá."

"Pè é ní máńgòrò."

Lẹ́yìn fífọ̀ ló wá kan gígé. Ẹyọ kọ́bọ̀ méjì tí a tò léra wọn ló fi ń wọn bó ṣe gbọdọ̀ nípọn. Èyí tó bá nípọn jù, òde rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á bu. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù á di ìwé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀ nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí ó má bàa dúdú. Lẹ́yìn náà ni a ó tò wọ́n sórí atẹ tí a fi ọparun hun, a ó gbé wọn sórí páànù tí a tẹ́ sójú oòrùn, a ó fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nítorí eṣinṣin àti oyin, èmi ni n ó sì jókòó tì wọ́n nítorí ewúrẹ́ àti alángbá.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ló le jù. Bí èso bá gbẹ, Màmá kì í tọ́ ọ wò. Á mú ẹyọ kan, á ká a sí méjì. Bí ó bá kán, ó ti gbẹ kọjá. Bí kò bá kán, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á yí ọwọ́ dojú bolẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jábọ́, á wá gbé e sókè sí oòrùn, á fi ojú kan wò ó. Ká, tẹ̀, gbé sókè. Ó ń ṣe é láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń sín. Ọdún méjì ló gbà mí kí n tó lè ṣe é kí ó má rí mi wí.

Ní ọdún kejì yìí ni mo ní kí n lo ìwé tí mo kà. Mo kọ ìwé ìpolówó kan, mo fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èso gbígbẹ ń wo ojú, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ibà, ó ń jẹ́ kí àgàn bímọ, ó ń hu irun. Màmá kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á pẹ̀lú ohùn ńlá. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n bọ́ fìlà mi.

Mo bọ́ ọ. Orí mi ń dán.

"Oṣù mélòó lo ti ń jẹ ẹ́?"

"Ó tó oṣù méjìdínlógún, Màmá."

"Pa irun rẹ́."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló mú mi pa wọ́n rẹ́. Nígbà tí a parí, ohun tó kù kò pọ̀: pé ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ yá, pé ó ń fún arìnrìn-àjò àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára lókun, pé kò tètè bàjẹ́, pé ó sàn fún ọmọdé ju súìtì lọ. Màmá ní, "Èyí tó kù yìí, ó kéré?" Mo ní kò kéré. Ó ní ẹni tí inú rẹ̀ ti há rí yóò mọ̀ pé kò kéré. Èmi gan-an ni ẹni náà.

Nílé, mi ò sinmi lórí ọ̀ràn Ìyá Bọ́lá. Mo gbé èso sórí tábìlì, ó gbé àwo mìíràn dé e. Mo gé máńgòrò gbígbẹ wẹ́wẹ́, mo dà á sínú mọ́ín-mọ́ín kí a tó gbé e kaná. Ó jókòó tì í, ó ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà, ó tò wọ́n sí etí abọ́ ní ìlà mẹ́ta. Ó kà wọ́n. "Mẹ́tàdínlógún," ó ní. "Ìkejìdínlógún wà lára ti Bọ́lá." Bọ́lá, tó wà ní ilé ìwé girama nígbà náà, ní, "Mummy, abeg, e sweet." Ìyá rẹ̀ ní kí ó jẹ ẹ́, bàbá rẹ̀ ló fi òógùn ojú rẹ̀ sá a. Ìyá náà sì pọ́n ìka tirẹ̀ lá, ó ṣe bí ẹni pé ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìjàǹbá tó bá mi kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì tó mi. Oṣù Keje ni, ọdún kẹta ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi. Ẹgbẹ́ wa ń pe àwọn àgbà jọ kí nọ́ọ̀sì kan lè bá wọn sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó dára fún ara arúgbó, wọ́n sì ní kí a mú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá ọ̀pẹ òyìnbó gbígbẹ wá kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn rí i. Màmá Ọ̀wọ̀ fi mí síbẹ̀, ó lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ sin àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ní, "Yunifásítì, bí òjò bá dé, tan èédú sínú àpótí wa tó wà fún ìgbà òjò, máa mú un gbẹ díẹ̀díẹ̀. Má kánjú."

Òjò Bìní dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi dáwọ́ dúró. Àpótí èédú wa kò gbà ju atẹ méjì lọ, atẹ ogún ni mo sì ti gé. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀pẹ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹmu. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo ń rò bí ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ wa ni obìnrin ará Ìshàn kan ti ń yan ẹja àrọ̀. Ó ní ààrò ńlá, ó gùn bí mọ́tò. Mo ní, ooru ni ooru. Ooru kò mọ ẹja, kò mọ èso. Omi ló ń lé.

Mo bẹ obìnrin náà. Ó wò mí, ó ní, "Oga, you sure?" Mo ní mo lọ sí yunifásítì.

Ní ti gbígbẹ, ó gbẹ. Mi ò tíì rí ọ̀pẹ òyìnbó tó gbẹ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Ó ká, kò kán. Ó jábọ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Catarrh ló mú mi nínú òjò yẹn, imú mi dí pátápátá, nítorí náà mi ò mọ ohun tí gbogbo ọlọ́jà mọ̀ bí mo ṣe ń gbé ẹrù náà kọjá.

Nọ́ọ̀sì ṣe àlàyé tó dára. Ó ní okùn tó wà nínú èso kì í tán nígbà tí ó bá gbẹ, òun ló ń ti oúnjẹ lọ nínú ìfun. Ó ní kí wọ́n mu omi sí i. Ó ní kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ṣọ́ra, nítorí omi ló lọ, ṣúgà rẹ̀ kò lọ ibì kankan. Ó wá ní kí wọ́n ṣí ọ̀rá wọn. Àwọn àgbà ń jẹun, wọ́n ń wo ara wọn.

Bàbá alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pẹ òyìnbó yìí, ṣé ó ní egungun?"

Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Tèmi, orí ni wọ́n fún mi."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé èyí náà wà fún ìgbẹ́ ni, àbí fún ọbẹ̀?"

Ìyá Bọ́lá wà níbẹ̀. Kò jẹ tirẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí wọ́n ṣe dì í. Kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Nígbà tí a délé, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ gbé omi kaná, kí ẹ fa ooru rẹ̀ símú."

Nígbà tí Màmá Ọ̀wọ̀ dé, ó fi imú fa ilé kó tó bọ́ bàtà. Ó jókòó. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́, títí dé orí pé ooru ni ooru. Ó tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó rín in tán, ó ní kí n padà sídìí fífọ̀, oṣù mẹ́fà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì ní kí n gbé àwọn ọ̀rá tó kù lọ sí ọjà Santana, n kò gbọdọ̀ padà sílé títí wọn ó fi tán.

Santana ni mo ti mọ Madam Osas, ọmọ Bìní tó ń ta ohun ọbẹ̀. Ó ṣí ọ̀rá kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "This one na soup." Ó ta gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn kan ṣì ń béèrè bóyá pineapple ẹlẹ́ja ti dé. Láti ìgbà náà ló ti ń bá wa ta èso gidi.

Nígbà tí Màmá dá mi padà sídìí gígé, ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gbé máńgòrò lọ fún Madam Osas, ó ní òun ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun sí mi. "One customer buy am. She say make I tell the man wey dry am say him cut am like person wey dey run commot for house."

Ó dùn mí. Mo délé Màmá, mo wọn èso tí mo gé pẹ̀lú kọ́bọ̀ méjì. Òtítọ́ ni. Mo kánjú gé e.

Báyìí ni oníbàárà Santana ṣe wọ ayé mi. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń rà, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ló sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ìbẹ́pẹ ti ọ̀sẹ̀ yìí kò pọ́n tó kí a tó gé e. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kan, ọsàn wẹ́wẹ́ ti pọ̀ jù. Mo bi Madam Osas léèrè pé ta ni. Ó ní, "Na one madam like that." Mo ní báwo ló ṣe rí. Ó ní, "She get two eyes."

Màmá Ọ̀wọ̀ dá mi sílẹ̀ ní 1994. A pe ènìyàn díẹ̀ jọ, ó gbàdúrà lé mi lórí, ó fún mi ní atẹ mẹ́wàá àti ọ̀bẹ rẹ̀ kan. Ìyá Bọ́lá wá, ó wọ aṣọ tó dára, ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Nígbà tí wọ́n gbé èso kiri, ó mú ẹyọ kan, ó fi bébà dì í, ó fi sínú báàgì rẹ̀. Ó ní fún àwọn ọmọ ni. Mo rí i tí Màmá Ọ̀wọ̀ ń wo báàgì náà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé báàgì ló wù ú.

Mo rí oríṣiríṣi irinṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Páànù àti ọparun la fi bẹ̀rẹ̀, àbẹ́là la fi ń jó ẹnu ọ̀rá pọ̀. Nígbà tó yá, mo ra ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná, ó ní fáánù nínú, ó ń hó bí ọkọ̀ òfuurufú. Mo pe àwọn ará àdúgbò wá wò ó. A ṣí i, iná lọ. Ọjọ́ kejì iná dé, mo tan án gbóná jù kí n lè rí àsìkò tó sọnù san. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, iṣẹ́ dé láti Santana: oníbàárà ní òde máńgòrò náà ti darúgbó, inú rẹ̀ ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo gé ẹyọ kan sí méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo gbé ẹ̀rọ náà tì. Níkẹyìn, àgọ́ ọ̀rá funfun ni mo kàn, tó ń gba oòrùn wọlé tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé, òun ni mo sì lò títí mo fi fẹ̀yìntì.

Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọkùnrin kan lójijì. Ó ra ọ̀rá mẹ́ta, ó jẹ wọ́n tán nínú mọ́tò, kò mu omi. Ó wá bá mi jà, ó di ikùn mú. Mo sọ ọ́ fún Madam Osas. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ dé: oníbàárà ní kí n kọ ọ́ sára ọ̀rá ní lẹ́tà gàdàgbà pé MU OMI SÍ I, kí n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló tipa ìyẹn fọkàn tán mi. Bàbá alága, ẹni tó béèrè egungun, ní àtọ̀gbẹ nígbà tó yá, mo sì kọ̀ láti ta máńgòrò fún un. Ó bínú, ó ní èmi tí mo ti fún òun ní ẹja jẹ lórúkọ ọ̀pẹ òyìnbó, èmi ni mo wá ń ṣọ́ òun lẹ́nu. A padà rẹ́.

Màmá Ọ̀wọ̀ kú ní 2006. Mo lọ kí i kó tó kú, ó ti fẹ́lẹ́, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé. Ó ní, "Yunifásítì, ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti jẹ ẹ́?"

"Kò tíì jẹ ẹ́, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Máa sá èso rẹ dáadáa," ó ní. "Máa sá a bí ẹni pé ó ń jẹ ẹ́."

Kò sí ẹni tó pè mí ní Yunifásítì mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà Santana nìkan ló kù tó ń bá mi wí.

Ní 2014, orúnkún mi kò gbà mọ́. Mo sá máńgòrò ìkẹyìn, mo sì gbé e lọ sí Santana fúnra mi. Mo ní, "Madam Osas, ọ̀rá kan yìí, ti oníbàárà wa ni. Ẹ má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní mo dúpẹ́. Ẹ ní òun ló kọ́ mi níṣẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀gá mi kú."

Madam Osas gbé ojú sápá kan. Ó gbé ọ̀rá náà padà sí mi lọ́wọ́. "Oga, carry am go house. Put am for table. No talk anything."

Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo gbé e délé, mo gbé e sórí tábìlì, mo jókòó. Ìyá Bọ́lá, tí òun náà ti fẹ̀yìntì, ti ilé ìdáná dé. Ó rí ọ̀rá náà. Ó tú u. Ọkàn rẹ̀ wà lórí ohun mìíràn, mo rò pé ọbẹ̀ tó wà lórí iná ló ń rò. Ó mú ẹyọ kan, ó ká a sí méjì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó yí ọwọ́ dojú bolẹ̀. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó fi ojú kan wò ó. Láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń sín.

"Ó ku ìdajì ọjọ́," ó ní.

Ó wá rí i pé mò ń wo òun.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi í.

Ó jókòó. "Láti ìgbà ẹja ni mo ti ń rà á ní Santana. Gbogbo wọn ń fi yín rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín, kó má rí ìdí."

"Ọdún mélòó ni ẹ wá ń wò mí tí mo ń fi máńgòrò sínú mọ́ín-mọ́ín?"

"Mo ní n kò ní jẹ ẹ́ nínú ilé yìí. Ilé ìwé ni mo ti ń jẹ ẹ́. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Màmá Ọ̀wọ̀ mọ̀. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ká a." Ó tún wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì, ìdí ìsọ̀ Madam Osas ni mo ń lọ jókòó sí."

Mo ní, "Ẹ jẹ ẹ́, Ìyá Bọ́lá. Òpin rẹ̀ nìyẹn. Kò sí òmíràn mọ́."

Ó wo ilé yíká, ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, bí ẹni tó ń ro ìṣirò kan. Ó wá dìde, ó kó ọ̀rá náà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kọjá ìlà tí páànù orí ilé wa parí sí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi níta. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ẹyọ kan sẹ́nu níwájú mi. Ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wo ọ̀nà.

"Báwo ló ṣe rí?" ni mo bi í.

Ó gbé ọ̀rá náà sókè, ó fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà gàdàgbà tó wà lára rẹ̀.

"Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ kì í ka ohun tí ẹ kọ ni? Ẹ gbé omi wá."